Òtítọ́ Kùtà ní Ṣakí

"Àǹtí Mọ́ládé, wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

Mọ́ládé kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ gba gbogbo yàrá. Ó ní kí àwọn ọmọ kíláàsì máa ṣe iṣẹ́ tó wà lójú pátákó lọ, ó sì fa Samsudeen jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"N kò ṣe nǹkan kan, mà. Ọ̀gá wa pe gbogbo àwa tá à ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn sípàdé lórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn ló ń kọ ètò kọ̀ǹpútà báyìí, pé èèyàn díẹ̀ tó máa ṣọ́ ẹ̀rọ ti tó àwọn. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti tì mí síta. N kò ráyè kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀."

Okùn báàgì tó gbé kọ́ èjìká ló ń lọ́ mọ́wọ́ bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù.

Samsudeen ni ọmọ àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà yìí kọ́ yanjú. Ó jókòó sí Ṣakí, ó ń ṣiṣẹ́ fún òyìnbó, àwòrán rẹ̀ sì wà gàdàgbà lẹ́nu géètì. Nítorí tirẹ̀ ni àwọn òbí ṣe ń kó ọmọ wá láti Ògbóòrò títí dé Kòmú.

Kì í ṣe pé Mọ́ládé kò rí i kó tó dé. Àràárọ̀ ló ń ka ìròyìn lórí fóònù: iléeṣẹ́ kan lónìí, òmíràn lọ́la, wọ́n ń já àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí ewé ìgbà ọyẹ́. Á pa fóònù, á ní ìlú òyìnbó nìyẹn, Ṣakí jìnnà síbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà wọ Ṣakí ni ìròyìn yìí náà gbà wọlé.

Àlàájì Kàdírì tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ti dúró sẹ́yìn wọn, wọn kò mọ̀.

"Mo ti gbọ́," ó wí. "Kó má dé etí ẹlòmíì. Bàbá kan ń mú ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti Ògbóòrò lónìí."

"Àlàájì, kí la fẹ́ kọ́ ọmọ náà fún?"

"Tí ibí yìí bá tì, Mọ́ládé, kí ni ìwọ fẹ́ máa ṣe?"

Mọ́ládé mọ ohun tó ń sọ. Ó ti gba oyè ní yunifásítì, ó ti fi ẹsẹ̀ wáṣẹ́ olùkọ́ ìjọba títí ó fi sú u, kó tó rí ibí yìí.

Kò pẹ́ tí ọ̀kadà fi já bàbá náà sílẹ̀, òun àti ọmọbìnrin kan tí eruku bo híjáàbù rẹ̀. Ràmọ́nì ni orúkọ bàbá, àgbẹ̀ oníṣu ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Mùyìbátù ọmọ mi nìyí. Ó mọ̀wé. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gbà á, ṣùgbọ́n agbára mi kò ká méjèèjì. Mo ní èyí táyé ń ṣe ni kó ṣe."

Mọ́ládé wo Àlàájì. Àlàájì tẹjú mọ́ ọn. Mọ́ládé wo ọmọ náà, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí à ń kọ́ wọn níbí, ẹ̀rọ ti ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Tó bá kọ́ ọ tán, n kò mọ ẹni tó máa gbà á síṣẹ́."

Ràmọ́nì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Tíṣà, ẹ̀yin ti gun igi, ẹ ti jẹ èso rẹ̀ yó. Ó wá kan ọmọ àgbẹ̀, ẹ ní igi ti gbẹ."

Ibẹ̀ ló ti rí Samsudeen lẹ́bàá ògiri, ojú rẹ̀ sì là.

"Ọmọ Àwáwù kọ́ nìyí? Ìyá rẹ ló júwe ibí fún mi! Lánàá tí mo kó iṣu fún un, orúkọ rẹ ló fi ń ṣàdúrà fún ọmọ wa. Sọ fún mi, ọmọ mi. Ṣé òótọ́ ni tíṣà ń sọ?"

Samsudeen wolẹ̀. Ọkàn Mọ́ládé ń bẹ̀ ẹ́.

"Rárá o, bàbá," ó wí. "Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Alhamdulillahi."

Kò wojú Mọ́ládé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá ẹ̀yìn ilé jáde.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọn kò sọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ru òtítọ́ lọ. Mọ́ládé ì bá pariwo pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó rántí Àwáwù, tí kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀. Àlàájì fa Ràmọ́nì wọ ọ́fíìsì. Kò bá Mọ́ládé jà. Ohun tó sọ kò ju "Lọ kọ́ ọmọ náà" lọ.

Mùyìbátù jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn kíláàsì, ó kó ọwọ́ lé itan. Mọ́ládé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o ṣì lè padà sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn?"

"Bàbá mi ti sọ fún wọn pé n kò wá mọ́, mà. Wọ́n ti fi ẹlòmíì sí àyè mi."

"Èwo ló wu ìwọ gan-an?"

"Nọ́ọ̀sì ni, mà." Ó gbójú sókè. "Èmi gba ohun tẹ́ ẹ sọ gbọ́."

Mọ́ládé fa àga súnmọ́ ọn, ó mú ìka rẹ̀, ó gbé e lé ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ náà.

"Tẹ ibí."

Ẹ̀rọ tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sójú Mùyìbátù, ó sì yíjú sí olùkọ́ rẹ̀, ó ń dúró de ohun tó máa sọ.