Ìlàjì Ife Tíì

Ó máa lọ. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí máa lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo ti ń rí i — bàtà ọ̀tún kọjú sí wa, tòsì kọjú sí ìlẹ̀kùn. Ìpàdé ò tíì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń wọ́ àga nílẹ̀, èmi sì dúró sídìí ìkòkò tíì bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gbẹ̀bí.

Iṣẹ́ mi kọ́. Iṣẹ́ Ìyá Aránṣọ ni. Àtọjọ́ tí mo ti dé ẹgbẹ́ àwa tá a jáwọ́ nínú ọtí yìí, òun ló ń bu tíì fún àlejò. Àfi ìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀... "Ìwọ ni kó o bá mi bù ú." Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù ló ti sọ ọ́. Èmi kẹ̀? Èmi tó jẹ́ pé — "Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù. Ṣáà bu tíì."

Bí ò bá wá dìde mọ́ ńkọ́? Bí ọ̀fun mi bá tún ń yún mi, ṣọ́ọ̀bù ta ni mo máa sáré lọ, tó máa ti máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó máa ní jókòó ná? Ilé ọtí ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ẹsẹ̀ mi ò gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀.

Gbé tíréè. Máa lọ.

Ọkùnrin náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Háà. Mo mọ àpò yẹn, èmi náà ti fi ọwọ́ pamọ́ síbẹ̀ rí. Wẹ́dà ni mí. Nígbà tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, géètì tí mo bá jó, ewúrẹ́ ló ń fi ìwo ṣí i.

Ó yọ ọwọ́ kan. Ó wo inú ife tó kángun sí i lórí tíréè.

"Ọ̀gá, ṣé omi ló wọ́n ni, àbí ahun ni yín?"

Èmi náà wò ó. Ìlàjì. Ta ló bu ìlàjì? Èmi ni. Tàwọn yòókù kún dé ẹnu, tiẹ̀ nìkan ni —

Dúró ná.

Ìlàjì ni Ìyá Aránṣọ bù fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé torí pé ọ̀mùtí ni mí lẹ ṣe ń wọn tíì fún mi?" Kò bínú. "Mu ìyẹn ná. Màá tún bù sí i." Mo mu ún. Kò dà sí mi lára. Ojú ò tì mí, ni mo bá jókòó.

Látọdún wọ̀nyí, ahun ni mo ń pè é nínú mi! Ọwọ́ mi ló ń wò. Ibi tí gbígbọ̀n mi mọ ló bu tíì mọ. Ta ló sì bu ìlàjì fún òun, nígbà tí òun náà ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́? Ta ló bù ú fún ẹni yẹn? Ọlọ́run ò... Kò fẹnu kọ́ mi rí. Ọwọ́ mi ló dá ìlàjì náà bù, kí orí mi tó mọ̀.

Ọwọ́ mi. Tíréè ló gbé dání yìí, ife kún dé ẹnu lórí ẹ̀, omi inú wọn ò mira.

"Mu ìyẹn ná," mo ní. "Màá tún bù sí i."

Ó gbé e. Ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n... kò dà.

Bàtà òsì ṣì kọjú sí ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó ti na ife òfìfo sí mi.