Àga Tí Mo Fi Kọ́tìnì Bò

Nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù láti ọ́fíìsì owó orí pé òṣìṣẹ́ wọn kan ń bọ̀ wá wo ibi tí mo ti ń ṣe àga, mo ní kí ẹni tó pè tún ọ̀rọ̀ náà sọ, nítorí n kò fẹ́ ṣì í gbọ́. Ó tún un sọ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ mi ni àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ tàbí agbaṣẹ́ṣe. Bí wọ́n bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, kálukú ni yóò san owó orí ara rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ òṣìṣẹ́ mi, èmi ló yẹ kí n ti máa yọ ọ́ nínú owó tí mò ń fún wọn. Èyí tí n kò sì yọ látẹ̀yìnwá, ọrùn mi ló wà.

Ẹni méjì péré ni wọ́n. Bọ̀dá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni wọ́n ń fi fóòmù àti awọ bo àga. Má-fọwọ́-kàn-án ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí òòlù wọn. Ẹlẹ́rìn-ín ni ọmọbìnrin tó ń fi sánpépà ha igi, tó sì ń kùn ún. Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín kò wúwo, kò tíì pẹ́ tó dé. Ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì bá ní òṣìṣẹ́ mi ni Bọ̀dá láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, àfi kí n ta ẹ̀rọ ìlagi. Láìsí ẹ̀rọ náà, n kò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Yàrá tó kún fún pákó ni n óò ní.

N kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí ìjọba bá fẹ́ wá wò yẹ kó múra. Mo ra aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù méjì, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi gàdàgbà sí ẹ̀yìn wọn. Ẹlẹ́rìn-ín wọ tirẹ̀, ó ń yí po bí ìyàwó tuntun. Bọ̀dá na tiwọn sókè.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ lè dà bí ènìyàn."

"Kí ni mo ti ń dà bí látọjọ́ yìí? Ewúrẹ́? Gbé aṣọ rẹ, àbúrò. Orúkọ rẹ kò ní gun ẹ̀yìn mi."

Ohun kan tún wà tó ń tì mí lójú ju ìyẹn lọ. Ní igun ṣọ́ọ̀bù, àga pupa ńlá kan wà níbẹ̀ tí Bọ̀dá ń fi awọ bò fún ọkùnrin òdìkejì títì, ẹni tó ń du oníbàárà mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fa kọ́tìnì àtijọ́ kan bò ó, mo sì gbé agolo ọ̀dà lé e lórí.

Òṣìṣẹ́ náà dé: ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ohùn rẹ̀ tutù. Ó kí wa tán, ó yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín.

"Aṣọ yìí mà dára o. Ta ló rà á?"

"Àǹtí ni! Àwọn náà ló ra búrọ́ọ̀ṣì àti sánpépà."

"Nígbà wo lo máa ń dé síbi iṣẹ́?"

"Ìgbà tí Àǹtí bá ní kí n dé. Bí mo bá pẹ́, ariwo wọn nìkan lè pa mí."

Mo ń ṣẹ́jú sí i kíkankíkan.

"Àǹtí, ṣé eruku kó sí yín lójú ni?"

Òṣìṣẹ́ náà rọra rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí òòlù Bọ̀dá.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ máà bínú, mà. Bọ̀dá, ẹ gbé òòlù fún wọn."

"N kò gbé e. Ṣé ìwọ lo rà á fún mi ni?"

"Bàbá," òṣìṣẹ́ náà wí, "bí Màmá bá gbé iṣẹ́ tí ẹ kò fẹ́ wá ńkọ́?"

"N kò ní ṣe é. Lóṣù tó kọjá, ó gbé àga kan wá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ bí ìrìn ọ̀mùtí. Mo ní kó gbé e padà."

"Ẹ̀yin àti ta ni ẹ tún jọ ń ṣiṣẹ́?"

Bọ̀dá fẹnu júwe igun ṣọ́ọ̀bù. "Bi ẹni tó fi kọ́tìnì bò ó."

Wọ́n sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ríran dáadáa: ilẹ̀kùn ni mò ń wò. Òṣìṣẹ́ náà gbé agolo ọ̀dà kúrò, ó ṣí kọ́tìnì.

"Ti ta ni?"

"Ti ọkùnrin òdìkejì títì ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, n kò jí i gbé. Mo bẹ Bọ̀dá títí pé kí wọ́n má gbé e wọlé, wọn kò gbọ́."

"Wọn kò gbọ́?"

"Wọn kò gbọ́ tèmi rí, mà. Wọ́n ní àwọn ń san owó igun náà fún mi, ohun tó bá wu àwọn làwọn lè gbé síbẹ̀."

Ó jókòó sórí àga pupa náà, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn mí ni ẹ fi aṣọ bò! Ẹni tó ra irinṣẹ́ ara rẹ̀, tó lè kọ iṣẹ́ yín, tó tún ń ṣe ti ẹlòmíràn, agbaṣẹ́ṣe ni. Owó orí Bàbá, ọwọ́ Bàbá ló wà."

"Látọjọ́ tí mo ti ń kan ìṣó ni mo ti ń san án," Bọ̀dá dáhùn. "Ẹ lọ wò ó."

"Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, òṣìṣẹ́ yín ni."

Mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ó tún un sọ, kò bínú. Ti Ẹlẹ́rìn-ín, àga méjì péré tí mo bá tà yóò san án. Ẹ̀rọ ìlagi kò ní lọ síbì kankan.

"Bí mo bá ti di òṣìṣẹ́," Ẹlẹ́rìn-ín béèrè, "ṣé n óò máa gba ìsinmi?"

"Dìde níbẹ̀, lọ kun igi!"

"Ẹ ò rí i, mà? Wọ́n ń pàṣẹ fún mi!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Bọ̀dá lórí àpótí ìjókòó wọn. Wọ́n ti gé aṣọ búlúù kejì, wọ́n ti kàn án mọ́ àpótí náà dáradára, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sì ń yọ lábẹ́ ìdí wọn.

"Bọ̀dá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo ní kò ní gun ẹ̀yìn mi. N kò sọ pé èmi kò ní jókòó lé e."

Mo yára tan ẹ̀rọ ìlagi, kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹ̀rín mi.