Bọ́tìnnì Tí Màámi Yóò Fi Pè Mí

Bí ihò yìí bá tún kéré ńkọ́? Ti àkọ́kọ́ kéré. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ló ya bọ́tìnnì náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo gbé e bó ṣe wà sínú àwòrán pátákó iná tí mò ń ṣe fún bẹ́ẹ̀lì Màámi, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń jó ẹ̀yà ẹ̀rọ mọ́, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pátákó bá mi gé e… ẹsẹ̀ bọ́tìnnì ò wọlé. Màámi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de òmíràn. Ohùn wọn ò dé ẹnu ọ̀nà yàrá mọ́. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n ṣubú lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n wà nílẹ̀ títí mo fi ti Bẹẹrẹ dé.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo yà á. Mo fi kálípà, irin ìwọ̀n, wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wọn àlàfo àárín wọn, mo fi díẹ̀ kún fífẹ̀ ihò kí òjé tí màá fi jó o mọ́ pátákó lè ráyè ṣàn wọ̀ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé bó ṣe tóbi gan-an, mo gbé bọ́tìnnì lé e. Ó ṣe rẹ́gí. Mo tún gbé e lé e. Ó ṣe rẹ́gí — kí ló wá dé tí mi ò lè fi í ránṣẹ́?

Mo ń sọ fún ara mi: Sọ̀fíyàt, tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ilé iṣẹ́ ò ní í gbà á mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Àkíbù, ẹ̀gbọ́n mi, pè láti Òkè Bọ́lá: "Ṣé kò sí bẹ́ẹ̀lì ní gbogbo Ọjà'ba ni? Ra ọ̀kan, kó o sinmi wàhálà." Bẹ́ẹ̀lì Ọjà'ba le láti tẹ̀. Bọ́tìnnì tí mo tú lára ẹ̀rọ àtijọ́ yìí, bí eṣinṣin bá bà lé e, á dún. Ìka Màámi ò lágbára…

Ìka wo? Rọpárọsẹ̀ ti mú gbogbo apá ọ̀tún. Òsì ń ṣiṣẹ́, àwọn ni wọn kì í lò ó. Mo ní òsì ni kí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. "Òsì kọ́ ni mo fi tọ́ ẹ, Sọ̀fí. Mi ò ní í fi pè ẹ́." Mo ní, Màámi, bọ́tìnnì lásán ni. "Ṣé òsì la fi ń júwe ilé baba ẹni ni?"

Agídí. Inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi.

Ẹ jẹ́ n tún un wò… Ẹsẹ̀ pé. Ihò pé. Etí pẹlẹbẹ tí ìka yóò máa tẹ̀ — tí mo bá ki pátákó náà sínú àpótí, tí mo so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, apá ibo ni yóò bọ́ sí?

Ọ̀tún.

Rárá. Mo yí àwòrán náà po. Ọ̀tún ni. Ọ̀tún náà ni mo kọjú ti àkọ́kọ́ sí. Èmi tí mò ń bá wọn jà nítorí òsì!

Ife omi àárọ̀ yìí… Ọwọ́ ọ̀tún Màámi ni mo gbé e sí. Mo ká ìka wọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọwọ́ tèmi dì í mú, bíi pé àwọn ló gbé e. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Bí òsì bá gba ife, a jẹ́ pé ọ̀tún ti lọ nìyẹn.

Àmọ́ láàárọ̀ yìí, nǹkan kan mira lórí ìbora. Mo rí i. Ọwọ́ òsì wọn ni, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síbi ife.

Èmi ni mo rọra tì í padà.