Ẹyẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́wàá

Zipporah, tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Ìkàrẹ́, kì í purọ́. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tó ti sọ pé òun rí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá ní àbàtà ẹ̀gbọ́n òun lọ́nà Ìkùn, ẹ̀rín ni gbogbo ilé fi ń kí i. Akíndèjì, ẹ̀gbọ́n náà, fẹ́ ro gbogbo òṣíbàtà orí omi dànù, kó gbin ìrẹsì síbẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ yìí làwọn alágbàṣe ń bọ̀.

"Fi ẹyẹ ọ̀hún hàn mí kí wọ́n tó dé," ló wí, "mi ò ní fọwọ́ kan etí omi tó ń gbé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ lo máa se oúnjẹ wọn."

Ni wọ́n bá lúgọ sẹ́yìn imọ̀ ọ̀pẹ. Lámilámi kan bà lé orúnkún Akíndèjì, orí kòkòrò náà ń yí bíi wíìlì maṣíìnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ òróró sí. Zipporah fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹyẹ. Àfi bí ẹyẹ ṣe yọ! Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà, ewé ò sì rì.

"Ẹ kúùṣẹ́ o!" ẹnìkan kígbe lójú ọ̀nà oko.

Akíndèjì fò dìde. "Oo! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ẹyẹ ti lọ.

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Ṣé kí n má dáhùn? Kí wọ́n ní mò ń gbéra ga?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Zipporah ronú: ibi tí maṣíìnì bá ti há là ń tú. Ló bá fi Eunice, ìyàwó Akíndèjì, jókòó sójú ọ̀nà, kó máa bá ọkọ rẹ̀ jẹ́ ìkíni.

"Bàbá ń kí yín o!" ohùn Eunice ń dún lọ́hùn-ún.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n ń ka ẹsẹ̀ ẹyẹ!"

Zipporah ki ìborùn bọnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde. Agogo mẹ́sàn-án ku díẹ̀ nígbà tí ẹyẹ padà dé, ọmọ mẹ́rin ń tẹ̀ lé e. Ó ké, ó lóṣòó, ó la apá. Àwọn ọmọ sáré kó sábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe dìde báyìí, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀.

Akíndèjì ń na ìka kà á. "Méjì tirẹ̀... mẹ́rin... mẹ́jọ... Yéè! Mẹ́wàá! Ìyá yìí mà lágbára o!"

"Bàbá wọn ni. Mo ti ń ṣọ́ wọn tipẹ́. Èyí tó yé ẹyin ti bá tirẹ̀ lọ, bàbá ló sàba, òun náà ló ń tọ́ wọn."

"Bàbá?"

Àwọn alágbàṣe dé tàwọn tàdá wọn. Akíndèjì sáré pàdé wọn, ó ní kí wọ́n gé igi wá, ó sì ń kàn án mọ́lẹ̀ fún ààlà ibùgbé ẹyẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Zipporah wí, "ẹ ti kọjá ibi tí a jọ sọ."

"Ọlọ́mọ mẹ́rin!" Akíndèjì tu igi, ó tún sún un síwájú. "Ṣé yàrá kan ló máa gbà á ni?"