Kẹ́ẹ̀gì Alámì Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ̀yin náà á ti fura pé ẹni tó bá lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì omi, omi kọ́ ló fẹ́ káyé wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ àwòrán tó gbẹ̀yìn dáadáa nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde láti yàrá àyẹ̀wò. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

"Ìyá Ìbejì, ṣé omi náà mọ́?"

"Ó mọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá.

"Mo kúkú sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń pè mí ní Bàbá Onílẹ̀kẹ̀ á gbẹ́nu dákẹ́ lọ́la."

Lọ́la ni àwọn aláṣẹ omi ìlú ń bọ̀ wá wo kóró oníke rẹ̀, tí kò ju ẹyin ẹja lọ. Iṣẹ́ kóró náà ni láti fa èérún oògùn tí ojú kò rí kúrò nínú omi. Bí wọ́n bá gbà á, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ sára ilé omi. Ó ti yan irú lẹ́tà tí wọn yóò fi kọ ọ́.

"Ẹ jókòó ná, Bàbá Ìbejì. Ìgò tí mo ní kí ẹ fi bu omi odò ẹ̀yìn ilé ìwòsàn yẹn dà?"

"Ìgò dúdú yẹn? Kí àlejò wá rò pé ọtí là ń mu níbí? Kẹ́ẹ̀gì ló gba àwòrán."

"Láti ìgbà wo lomi ti wà nínú ẹ̀?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni pé oògùn tí kóró oníke lè fà, kẹ́ẹ̀gì oníke náà lè fà á. Ó máa ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó jókòó. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni.

"Ìyá Ìbejì, ṣé o ti yẹ omi tí kò kọjá lára kóró wò?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Kò bèèrè èsì. Ó tún na ọwọ́, ó tẹ́ etí àwòrán tó fẹ́ ṣí.

Omi tí kò fojú kan kóró rí náà mọ́ láúláú.