Ọjọ́ Tí Wọ́n Yọ Rọ́bà Ìtọ̀ Lára Bàbá Télọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ lára Bàbá Télọ̀, inú nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ dùn bí ẹni gba ìhìn rere. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀: bí ìtọ̀ bá wá fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá ń lọ sílé, bí kò bá wá, rọ́bà ń padà wọlé nìyẹn, ilé sì di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Nọ́ọ̀sì gbàdúrà ṣókí, ó sì ṣètò ìtọ́jú náà tìfẹ́tìfẹ́: kí bàbá máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa fi aṣọ gbígbóná lé e nísàlẹ̀ ikùn, kí ike ìtọ̀ má jìnnà sí i. Àbíkẹ́yìn bàbá, ọmọbìnrin tó gba àyè níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀, ni nọ́ọ̀sì yàn pé kó máa di ike náà mú. Ta ló tún lè fi ìfẹ́ ṣe é ju ọmọ lọ?

Ọmọ náà sì di ike mú bí ẹni di igbá ọrẹ mú nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú.”

“Mò ń gbìyànjú.”

“Òkè àjà lẹ̀ ń wò!”

“Ṣé o rò pé àjà ni mo fẹ́ tọ̀ sí ni? Fi mí sílẹ̀ jàre.”

Awakọ̀ àgbà kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bú sẹ́rìn-ín. “Télọ̀, àfi bíi pé òwú ti ta kókó o!”

“Ìwọ dẹ́rẹ́bà tí kò ní bíréèkì,” ni bàbá dá a lóhùn, “wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ ni.”

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu bàbá. Àpò ìtọ̀ inú ikùn rẹ̀ ti le lábẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì, òógùn bò ó níwájú orí, kò sì fẹ́ fojú kan ife omi mọ́. Omi lé ròrò sójú ọmọ rẹ̀.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Nọ́ọ̀sì rán an lọ bu omi gbígbóná. Bí ó ti jáde ni bàbá rọra sọ̀rọ̀.

“Nọ́ọ̀sì mi, èmi ni mo wẹ ọmọ yìí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Èmi ni mo rán gbogbo aṣọ tó wọ̀ dàgbà. Kò gbọ́ ìró ìtọ̀ mi rí láyé rẹ̀. Tó bá ti dúró tì mí báyìí, ńṣe ni ara mi ń tì pa.”

Ojú ti nọ́ọ̀sì. Ó ti ṣètò fún àpò ìtọ̀, kò ṣètò fún bàbá ọlọ́mọ. Ẹsẹ̀ kan náà ló fi lọ bá ọmọ náà lọ́nà.

“Àbúrò mi, gbé omi yẹn fún mi. Lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún, kí o máa kọrin.”

“Orin? Orin wo?”

“Èyí tó bá wá sí ọ lẹ́nu. Ṣáà kọ ọ́ sókè, kí bàbá lè mọ̀ pé o jìnnà.”

Ó mú bàbá lọ sí balùwẹ̀, ó fi ọwọ́ bàbá lé ògiri, ó ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí bàbá. Lọ́hùn-ún, ọmọ ń kọrin. Orin náà ń yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́ tọkàntọkàn. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì gbọ́ nǹkan mìíràn tó ju omi ẹ̀rọ lọ.

“Olúwa, o ṣé,” ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tó tún fọwọ́ kan ikùn bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rọ̀ múlọ́múlọ́. Dókítà wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí wọ́n máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ sáré lọ pe ọmọ, tó ṣì ń kọrin lọ́hùn-ún. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ṣe sùúrù. Jẹ́ kó parí ẹsẹ orin yẹn ná.”