Ìdè Ẹsẹ̀ Tí Ìyáálé Mú Wá

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí màlúù fi ẹsẹ̀ gbá garawa wàrà dànù ni Oníwàrà sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Màlúù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, ọmú ń dùn ún. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, ìpá ló máa ta. Oníwàrà ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ò ní fi àánú màlúù po tíì mu.

Ló bá já okùn tó fi ń sá aṣọ, ó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀, lẹ́bàá pátákò, ó ta á ní kókó gírígírí. Màlúù fẹ́ gbẹ́sẹ̀, kò rí i gbé. Ó ta gìrì, ó ṣubú gbì sórí símẹ́ńtì. Bó ṣe ń jà ni okùn ń wọ̀ ọ́ lẹ́ran. Oníwàrà fi eyín fa kókó tì, ó bú sẹ́kún.

Ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹni kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni ìyáálé rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí ilé wọn kọjú síra. Ọdún kan rèé tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí ilẹ̀kùn ọgbà tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀ tí ewúrẹ́ fi wọlé jẹ ẹ̀fọ́ ìyáálé tán. Ojú ń ti Oníwàrà, àmọ́ ẹni tó ń rì sómi kì í yan ọwọ́ tó máa dì mú.

“Ìyáálé mi, ẹ gbà mí o!”

Kò tíì panu dé tí ìyá náà fi yọ, tòun ti ọ̀bẹ ìdáná. Ogún ọdún ló fi tọ́jú ẹṣin kó tó fẹ̀yìn tì.

“Di orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Má sunkún sí i létí.”

Ó ki ìka bọ abẹ́ okùn kí ọ̀bẹ má baà kan awọ, ó gé e. Màlúù mí kanlẹ̀, ó dìde. Ìyáálé yíjú, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Oníwàrà rò pé ó parí nìyẹn. Àfi bí ìyá náà ṣe tún dé pẹ̀lú omi iyọ̀ àti ìdè ẹsẹ̀ ẹṣin kan: awọ fífẹ̀ tí wọ́n fi irun àgùntàn tẹ́ nínú, tó ní ìkọ́ irin.

“Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe ìdè, ọ̀bẹ ni,” ló wí, bó ṣe ń fọ ojú egbò. “Òkè oríkèé la ń dè é sí. Ìka méjì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tó bá ṣubú, fa ìkọ́ yìí, á tú. A ò dè é kó lè jìyà, ọmọ mi. A dè é kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe, kó má sì fọ́ ẹ lórí.”

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n dè é. Màlúù dán ìpá wò lẹ́ẹ̀kan, kò lọ, ó kàn fi ìrù gbá Oníwàrà létí. Wàrà ń dà ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ sínú garawa.

Oníwàrà kúnlẹ̀. “Ẹ ṣeun, ìyáálé mi. Ẹnu mi ò gbọpẹ́. Ilẹ̀kùn ọgbà yẹn, èmi ni mo ṣí i.”

“Ta ni kò mọ̀? Dìde jàre, inú ìgbẹ́ màlúù lo kúnlẹ̀ sí.”

Ẹ̀rín pa wọ́n títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ife wàrà àkọ́kọ́, ọwọ́ ìyáálé ló bọ́ sí. Gbogbo ẹni tó wá ra wàrà lọ́jọ́ náà ni Oníwàrà ròyìn oore yìí fún, látorí okùn aṣọ dórí ìgbẹ́ màlúù. Ẹni tó ń kánjú pàápàá dúró gbọ́ ọ tán kó tó rí wàrà gbà.